Ẹ̀kẹta Tí Àpáta Kò Dá Padà

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Eyínfúnjowó fi bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí tíì tó ń mu fi tán nínú ife rẹ̀. Ó ní bàtà náà lanu débi pé àfi kóun já tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Eyín tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ń tàn bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ló ṣàjèjì: gbogbo ẹyẹ tó wà lórí òrùlé kọjú sí àpáta, wọn ò sì dún.

Ẹsẹ̀ àpáta tó ga sókè ìlú náà ni ọmọ ìyá méjì yìí ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ilé onípákó ẹnu ọ̀nà, àbúrò a fa tíkẹ́ẹ̀tì ya sí méjì, a kọ aago sí i lẹ́yìn, a fún ẹni tó ń gòkè ní ìdajì, a fi ìdajì kejì kọ́ ìṣó. Bí onítọ̀hún bá sọ̀ kalẹ̀, a so méjèèjì pọ̀, a dà wọ́n nù. Bí ìṣó bá ti ṣófo, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn: kò sẹ́ni tó kù lókè. Ẹ̀gbọ́n ni amọ̀nà, òun ló ń kó àlejò gòkè.

Kò ka àwọn àlejò náà kún. Agbọ̀n tí wọ́n fi ń pọnmi ni wọ́n lójú rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé àtẹ̀gùn irínwó ó lé méje ni wọ́n gbẹ́ sára àpáta, wọ́n yán. Ó ní bí oòrùn bá wọ̀, ara àpáta á máa dún kẹ́kẹ́ bó ṣe ń tutù, wọ́n ń ya fọ́tò ara wọn. Ó ní orúkọ tí èèyàn bá pè lókè, gbohùngbohùn á dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan bi í níbo làwọn ti lè tọ̀.

Ọjọ́ yẹn ló fi irọ́ kún un: bó bá dá orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì péré, àpáta ti mú ẹ̀kẹta, àti ẹni tó ni ín. Ẹnu wọn là. Láti ìgbà náà, irọ́ yìí ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ wá.

Àbúrò rẹ̀ gbọ́, ó bi í pé, "Bùrọ̀dá mi, ta ló sọ ìyẹn fún yín?"

"Èmi ni mo rọ ọ́. Ṣé àwọn yìí mọ òótọ́ yàtọ̀ ni?"

"Wọ́n lè má mọ̀ ọ́n. Èyí tí ẹ dúró lé lórí tí ẹ ń parọ́ mọ́ ńkọ́?"

Ó fi í rẹ́rìn-ín. "Òkúta?"

Ẹni tó bá ń fojú di èèyàn kì í pẹ́ fojú di ohun tó ju èèyàn lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ bàtà yẹn, ọkùnrin onígò-ojú kan ní kó pe orúkọ kan káwọn gbọ́, kó má ṣáà pe tòun. Àwọn yòókù sún sẹ́yìn. Amọ̀nà wò wọ́n bí ẹni wo ọbẹ̀ tó ti kan. Ó kọjú sí ìlú, ó pe orúkọ tó sún mọ́ ọn lẹ́nu jù.

"Eyínfúnjowó o!"

Ó padà wá. Ó tún padà wá. Lẹ́yìn náà, atẹ́gùn dúró.

Wọ́n retí ẹ̀kẹta títí. Onígò-ojú wo aago ọwọ́ rẹ̀: aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Amọ̀nà ní afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Síbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, kò sì pàdé ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nínú ilé onípákó, àga ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, sálúbàtà àbúrò rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì. Àwọn àlejò dá ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì wọn padà, ó ń so wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn pé. Ìdajì kan ṣẹ́kù lórí ìṣó. Ó yí i padà. Ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ló kọ ọ́: aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wá a. Ní ọjọ́ kẹwàá, amọ̀nà dá gòkè, ó pè é. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹta wá láti abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pa ẹ̀rín mọ́ra: "Bùrọ̀dá mi."

Òun ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì báyìí. Ó ń bẹ àwọn àlejò kí wọ́n má pe orúkọ lókè. Wọ́n ń wò ó bó ṣe máa ń wò wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá, òkúta mà ni."

Wọn kì í ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́. Ìdajì kan ṣì wà lórí ìṣó.