Adìẹ Ń Jẹ Àgbàdo, Ìka Ẹsẹ̀ Ọmọ Ń Tutù

Ẹ fa àpótí yín mọ́ra, ẹ̀yin ọlọ́mọ. Ìyàwó tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé, àyè wà lórí ẹní. Ọ̀rọ̀ eegun la fẹ́ sọ, gbogbo wa la sì ní i lára.

Ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà tó ku bí ọdún méjì kí a gba òmìnira. Àmọ̀kẹ́, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló ń tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Mojísọ́lá. Ọmọ náà kò tíì dàgbà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn Mápó, ló bá yọ̀ ṣubú. Ojúgun rẹ̀ kán.

Wọ́n gbé e lọ bá Bàbá Ògúnbọ̀wálé tó ń to eegun ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọwọ́ bàbá náà dára. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rìn fanda ní Ọjà'ba, òun ló to ẹsẹ̀ wọn. Ó to eegun ọmọ, ó fi ọparun pẹlẹbẹ há a, ó fi okùn dì í. Lẹ́yìn náà ló ṣe bí àwọn baba rẹ̀ ti ń ṣe: ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan, ó di tiẹ̀ náà.

Ó ní, "Ẹ máa gbé e lọ sílé. Ẹ máa wo adìẹ yìí. Bó bá ti ń san, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yín á máa san."

Òun fúnra rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Fìdítì, níbi tí wọ́n ti ń sin òkú àna rẹ̀.

Àmọ̀kẹ́ ṣìkẹ́ adìẹ yìí. Ó tẹ́ àpò fún un ní kọ̀rọ̀, ó ń da àgbàdo sí i níwájú. Ní ọjọ́ kejì, Mojísọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í sì í ṣe irú ẹkún àkọ́kọ́.

"Màmá, okùn yìí ń gé mi."

"Okùn wo? Wo adìẹ tí wọ́n dì pẹ̀lú rẹ, ó ń jẹ àgbàdo. Ṣé o gbọ́ kó ké? Àkẹ́jù ló ń bá ọ jà."

Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọ náà dákẹ́. Ó ní òun kò mọ ẹsẹ̀ náà lára mọ́. Àmọ̀kẹ́ wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ ò rí i? Ó ti ń san."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ẹ̀bùnọlá wá kí mi. Ọmọ àbúrò mi ni, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́. Ó gbọ́ pé eegun ọmọ kan kán nínú ilé, ó ní òun á yà kí i. Ó kúnlẹ̀ kí Àmọ̀kẹ́ tán, ó béèrè pé:

"Màmá, ta ló wo ìka ẹsẹ̀ ọmọ yìí lónìí?"

"Ìka ẹsẹ̀ kẹ̀? Adìẹ là ń wò."

"Kí ni adìẹ ń ṣe?"

"Ó ń jẹun dáadáa."

Ẹ̀bùnọlá ṣí aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀. Ìka márààrún ti wú, wọ́n dúdú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Ó fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n tutù. Ó fi èékánná tẹ ọ̀kan.

"Mojí, ṣé o mọ̀ ọ́n lára?"

"Rárá, àǹtí."

"Mì í fún mi."

Kò mì. Ẹ̀bùnọlá yíjú sí Àmọ̀kẹ́. "Màmá, okùn yìí gbọ́dọ̀ kúrò báyìí."

"Ṣé ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ yẹn? Ọwọ́ tó dì í ló ń tú u. Bí o bá tú u, tí ẹsẹ̀ ò bá jinná mọ́ ńkọ́? Ṣé ìwọ lo máa dá bàbá ọmọ lóhùn?"

"Bí a bá dúró de Bàbá, ẹsẹ̀ yìí á kú. Gígé ni wọn ó gé e."

"Eegun ló kán. Báwo ni eegun ṣe ń kú? Ṣebí kò ní ẹ̀mí tẹ́lẹ̀."

"Eegun inú ọbẹ̀ ni kò ní ẹ̀mí, Màmá. Èyí tó wà lára wa wà láàyè. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀. Mùdùnmúdùn inú rẹ̀ gan-an ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Bó bá kán, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ lọ bá a kó tó lè so pọ̀. Ẹsẹ̀ tó kán sì máa ń wú. Okùn tó bá a mu lánàá ti wá há mọ́ ọn lónìí, ó ti dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀."

"Ti adìẹ ńkọ́? Kí ló dé tí òun ò wú?"

"Ẹran mélòó ló wà lójúgun adìẹ tó máa wú?"

Àmọ̀kẹ́ wo adìẹ. Ó wo ọmọ. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀ tó tutù, ó kan ti ẹsẹ̀ kejì tó gbóná. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú ọ̀bẹ wá.

Mo di orúnkún ọmọ mú kí ẹsẹ̀ má baà yẹ̀. Ẹ̀bùnọlá rọra gé okùn, ó fi ọparun sílẹ̀ láyè rẹ̀, ó fi gèlè mi wé e láìfún un. Kò pẹ́ tí Mojísọ́lá fi figbe bọnu. Àmọ̀kẹ́ fẹ́ bínú.

"Ẹ jẹ́ kó ké," ni Ẹ̀bùnọlá wí. "Ẹsẹ̀ tó bá ṣì ń dunni, kò tíì kú."

Sàláúdéènì, awakọ̀ tó ń gbé níwájú ilé wa, ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní bí a bá jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí a tó wá ni, ẹsẹ̀ náà ìbá ti lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ tó wú náà fà, wọ́n fi nǹkan funfun kan rẹ́ ẹ, ó le bí ògiri. Àmọ̀kẹ́ ń sọ ọ́ kiri Ọjà'ba pé sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ọmọ òun.

Nígbà tó yá, adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àmọ̀kẹ́ ní kí wọ́n fọ́ sìmẹ́ńtì, kí ọmọ òun náà rìn. Ẹ̀bùnọlá bi í pé:

"Màmá, ṣé ẹ máa ń tú ẹ̀kọ nínú ewé kó tó dì?"

"Kó dà nù ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni eegun. Ohun rírọ̀ ló kọ́kọ́ ń hù síbi tó kán. Bí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà náà, á wọ́. Eegun adìẹ kéré, ó yára. Ẹ jẹ́ kí ti Mojí náà dì."

Nígbà tí Bàbá Ògúnbọ̀wálé ti Fìdítì dé, ó wá kí ọmọ náà nílé ìwòsàn. Ó wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ títí. Ó ní, "Adìẹ ni mo ní kí wọ́n wò." Ẹ̀bùnọlá kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ bá wa sọ fún wọn, Bàbá, kí wọ́n máa wo ìka pẹ̀lú." Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sílé tí kò ní gbọ́ ọ. Orin tí mo sì fi ọ̀rọ̀ náà kọ nìyí, ẹ gbè é:

Ìyá ọmọ, wo ìka ẹsẹ̀,
Bó bá gbóná, bó bá ń mì, fi í sílẹ̀.
Bó bá tutù, bó bá ń ṣú, má dúró,
Ẹsẹ̀ ọmọ ò sí lọ́jà ká lọ rà á.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí eegun bá kán, ẹ má fà á, ẹ má fi òróró wọ́ ọ. Ẹ fi igi gbè é bó ṣe wà, kí ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Bí eegun bá yọ síta, ẹ má yà síbì kankan. Ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ tí wọ́n bá dì, ẹ fi ìka rẹ̀ sílẹ̀ níta, kí ẹ máa wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Bó bá tutù, bó bá ṣú, bó bá kú tipiri, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i, ẹ tú u, kí ẹ sì sáré lọ. Ẹ má dúró de ẹni tó dì í. Ẹ fún ọmọ ní ẹ̀wà, wàrà, ẹ̀fọ́ àti ẹja wẹ́wẹ́ tòun teegun rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó máa yáàrùn òwúrọ̀. Ohun tí eegun ń jẹ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gé sìmẹ́ńtì náà kúrò, Àmọ̀kẹ́ se ẹ̀wà ìkòkò ńlá, ó fi ẹja sí i, gbogbo agboolé jẹ àjẹyó. Nígbà tí Ẹ̀bùnọlá dìde láti lọ sílé, Mojísọ́lá ló sìn ín. Ó ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló ń fi tẹlẹ̀.

"Ó tó níbẹ̀ yẹn, padà wá," ni Àmọ̀kẹ́ ń pè é láti ẹnu ọ̀nà.

Mojísọ́lá ti sin Ẹ̀bùnọlá dé ojú títì.