Ẹ Má Dí Ihò Ìdí Ògiri Yẹn

Ẹ̀yin tí ògiri kọ̀ǹkéré wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ̀yin ni mo wá bá. Ẹ fi ohun tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí ládùúgbò wa ní Àgùdà. Nígbà tí omíyalé dààmú èèyàn títí, ẹni tó lówó á ra yẹ̀pẹ̀, á fi gbé ilẹ̀ tiẹ̀ ga. Kí yẹ̀pẹ̀ náà má baà ya lu ilé ẹlòmíì, wọ́n á fi ògiri dá a dúró. Ògiri tí mò ń sọ yìí, kọ̀ǹkéré pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni, èyí tí wọ́n ti rọ tó ti gan níbi iṣẹ́ kí ọkọ̀ tó kó o wá. Wọ́n dá ihò sí ìdí rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi inú yẹ̀pẹ̀ á máa gba ihò wọ̀nyẹn jáde.

Ẹ̀yìnkùlé Bàbá Mujeebah lomi yẹn ń jáde sí. Yẹ̀kínnì lorúkọ wọn gan-an, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún àga ṣe. Yàrá tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìyàwó wọn, Sàúdátù tá à ń pè ní Ìyá Mujeebah, sún mọ́ ògiri náà débi pé béèyàn bá na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò gbẹ rí. Ó hu ewédò, ó sì ń yọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Mujeebah gbé kẹ́tùlù àlùwàlá, wọ́n ń gba ìdí ògiri bọ̀. Ẹsẹ̀ yọ̀. Gbàmù! Egungun itan kán. Wọ́n fi irin sí i ní ọsibítù, wọ́n ní wọn ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, igbe tí wọ́n máa ń ké, ìta lèèyàn ti ń gbọ́ ọ. Omi á lé sójú ọkọ wọn.

Inú bí Bàbá Mujeebah sí ògiri bí ẹni pé ènìyàn ni. Wọ́n ra sìmẹ́ǹtì, wọ́n wá àkísà, wọ́n ń rọ ọ́ sínú ihò níkọ̀ọ̀kan.

Moyọ̀sọ́lá, ọmọ ayálégbé òkè, ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ẹnjiníà ni, ibi tí wọ́n ti ń rọ irú kọ̀ǹkéré yẹn gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń pa ẹnu ẹ̀ dé ni. Ìyàwó mi nìkan tó."

"Háà! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má dí i. A mọ̀ọ́mọ̀ ń dá ihò yẹn sí i ni. Bí omi ò bá rọ́nà jáde, ẹ̀yìn ògiri ló máa gbá jọ sí, á sì máa tì í. Bó ti wù kí kọ̀ǹkéré le tó, ọjọ́ kan á wó."

Bàbá Mujeebah fọwọ́ gbá ògiri. "Èyí tó nípọn báyìí? Ọmọ mi, o kàwé o, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lò ń gbọ́ igbe Ìyá Mujeebah."

"Mo gbọ́ yín sà. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ gọ́tà kékeré sí ìdí ògiri, kó gbé omi lọ síta. Ilẹ̀ á gbẹ, ihò á wà ní ṣíṣí. Èmi náà á bá yín gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ Sátidé."

Ohùn Ìyá Mujeebah jáde láti ojú fèrèsé. "Bàbá Mujeebah, ẹ gbọ́ tọmọ yẹn o!"

"Sinmi jàre. Torí tìẹ ni mo ṣe ń ṣe é."

Nígbà tí Sátidé fi máa dé, wọ́n ti dí gbogbo ihò tán, ilẹ̀ sì ti gbẹ táú. Moyọ̀sọ́lá gbé ṣọ́bìrì sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Mujeebah ní kí ló tún fẹ́ gbẹ́. Lateefah, ayálégbé kejì, ti ta okùn aṣọ síbẹ̀. "Bàbá Mujeebah ti bá wa ṣe é," ló wí. "Eku gan-an ò gbabẹ̀ wọlé mọ́." Gbogbo ilé ń kí wọn kú iṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Ẹ̀rù ló yẹ kó bà wọ́n!

Òjò oṣù Keje dé, kò sì fẹ́ dá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò dáwọ́ díẹ̀, Moyọ̀sọ́lá ń lọ síbi iṣẹ́, ó wo ògiri. Ògiri ti yọ ikùn. Ọmọ ìka ń wọ àárín kọ̀ǹkéré méjì tó lẹ̀ mọ́ra tẹ́lẹ̀.

"Bàbá Mujeebah! Ẹ gbé Màmá jáde! Ẹ gbé wọn nísinsìnyí!"

Bàbá Mujeebah sáré jáde, wọ́n rí i. "Jẹ́ n kọ́kọ́ ṣí ihò. Bómi bá jáde, á rọlẹ̀. Gbígbé yẹn ń dùn ún jù."

"Ó ti kọjá ìyẹn sà! Ẹ kúrò níwájú ẹ̀!"

Wọn ò gbọ́. Wọ́n ti gbé irin àti hámà, wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ sí ìpẹ̀kun ògiri. Moyọ̀sọ́lá figbe ta, òun àti Lateefah sáré gba inú ilé lọ sí yàrá.

Irin wọlé. Omi pupa tú jáde, ó gbá Bàbá Mujeebah dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àárín ògiri sì wó lu yàrá, yẹ̀pẹ̀ ya tẹ̀ lé e. Ọwọ́ Lateefah ti wà lára ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ tí Ìyá Mujeebah pe ọkọ wọn lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò gbọ́ ohùn mìíì mọ́.

Nígbà tí wọ́n fi máa wú Ìyá Mujeebah jáde, wọ́n ti kú. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sin wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì, àkísà tàbí ọ̀rá dí ihò ìdí ògiri. Ẹ má da ìdọ̀tí sí i lẹ́nu. Bí omi rẹ̀ bá ń ba ilẹ̀ jẹ́, gọ́tà ni kẹ́ ẹ gbẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀ tí ihò tó ń sun omi tẹ́lẹ̀ kò sun mọ́, ẹ má dúpẹ́ o, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ kó wá wò ó. Bí ògiri bá sì ti yọ ikùn, tó là tàbí tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má tún nǹkan kan ṣe lára rẹ̀. Ẹ kó èèyàn jáde, aláìsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé, kódà bó bá ń ké. Ẹ wá dúró sí ọ̀nà jíjìn kẹ́ ẹ pe 112.

Wọ́n ti mọ ògiri mìíì síbẹ̀, omi sì ń gba ìdí rẹ̀ jáde. Bàbá Mujeebah ló ń fi igi yọ ìdọ̀tí kúrò lẹ́nu ihò. Moyọ̀sọ́lá bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó kí wọn, wọn ò gbójú sókè.

"Igbe Ìyá Mujeebah ni mi ò fẹ́ gbọ́ nígbà yẹn," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi, igbe yẹn náà ni mò ń wá báyìí."