Àwo Tí Wọ́n Fi Tíì Sọ Di Arúgbó

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì náà gbé àwo ńlá náà sún mọ́ ojú fèrèsé, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun. Ó ti mú àwo kékeré kan wá láti ilé, èyí tó wé sínú aṣọ ìnura. Àwo ìyá rẹ̀ ni. Òdòdó aláwọ̀ búlúù kan náà ló wà létí àwọn méjèèjì.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú èyí," ni ó wí. "Èyí tó tóbi nínú àwọn àwo ìyá mi fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyá mi kò nà mí, ẹkún ni wọ́n sun. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí."

Ìyá Aláwo, tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ojúlówó àtijọ́ nìyẹn, mà. Ẹ tiẹ̀ bi ọmọ mi yìí. Ojú rẹ̀ kì í ṣì í."

Ọmọ tó ń wí yìí dúró nídìí pẹpẹ, àkísà tó fi ń nu àwo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ àbúrò Ìyá Aláwo ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Ìyá Aláwo ló ti dàgbà, ó sì ti wà ní kíláàsì àṣekágbá níléèwé girama. Yẹ̀ẹ́wò ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un nílé ẹnikẹ́ni, ìdí àwo ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó wo ẹran.

Ìyá Aláwo ló kọ́ ọ. "Ojú àwo lè purọ́," ni ó máa ń wí, "ìdí rẹ̀ ni kó o bi léèrè." Àwo tó ti pẹ́ lórí tábìlì, ibi tó ń fara kan tábìlì nìkan ló ń họ, kì í sì í họ dọ́gba. Òǹtẹ̀ amọ̀kòkò àtijọ́ wà lábẹ́ ara tó ń dán, ìka kì í mọ̀ ọ́n. Èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mọ́ ọn, ìka á kọsẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi èékánná kàn án, èyí tó pé á dún bí agogo, èyí tó ti sán nínú á dún kọ̀.

Yẹ̀ẹ́wò kò tilẹ̀ nílò gbogbo ìyẹn lórí àwo ọ̀sán yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́-Idán, tó gbé páálí àwo tuntun wọlé. Ọlọ́wọ́-Idán a máa rẹ àwo sínú tíì tó gbóná, a fi iyanrìn fá ìdí rẹ̀, a sì tẹ òǹtẹ̀ sí i. Àwo àtijọ́ ti wọ́n, ike ti gba ilé ìdáná gbogbo èèyàn, ṣọ́ọ̀bù sì ń dá páropáro. "Ta ló máa mọ̀?" ni Ìyá Aláwo wí lọ́jọ́ náà. "Èmi mọ̀," ni Yẹ̀ẹ́wò fèsì. Ìyá Aláwo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nísinsìnyí, nọ́ọ̀sì náà na àwo sí i. "Ọmọ mi, sọ fún mi. Ṣé irú ti ìyá mi ni?"

Láti ẹ̀yìn obìnrin náà, Ìyá Aláwo ṣẹ́jú sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀: rántí ẹni tó ń bọ́ ọ.

Yẹ̀ẹ́wò yí àwo náà padà. Gbogbo ìlà tí iyanrìn fá sí ìdí rẹ̀ ló kọjú sí ibì kan náà, bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà.

"Kì í ṣe àtijọ́, mà. Àwo tuntun ni. Tíì ni wọ́n fi sọ ọ́ di arúgbó."

Nọ́ọ̀sì náà wé àwo ìyá rẹ̀ padà sínú aṣọ ìnura. "O ṣeun, ọmọ mi," ni ó wí. Kò wo Ìyá Aláwo rárá. Ó jáde.

"Ṣé orí rẹ pé?" ni Ìyá Aláwo fi igbe ta. "Lójú oníbàárà!"

"Àwọn ni wọ́n bi mí, Màmá."

"O ò wá lè panu mọ́! Ajá pàápàá kì í gbàgbé olóore!"

"N ò gbàgbé, Màmá. Ẹ̀yin lẹ máa ń fi ṣeré pé àwo lẹ ń tà, ẹ kì í ta awo. Ẹ wá ti sọ àwo di awo báyìí."

Ìyá Aláwo nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Kó ẹrù rẹ. Máa lọ bá ìyá tó bí ọ."

Yàrá kan ni ìyá rẹ̀ ń gbé, ẹ̀rọ ìránṣọ ló sì gba ìdajì rẹ̀. Ibẹ̀ jìnnà sí iléèwé, ìdánwò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ ni Yẹ̀ẹ́wò ń fi rìn, eruku á ti bò ó kó tó dé iléèwé.

"Torí àwo lásánlàsàn!" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì wí. "Ò bá kàn ti sọ pé 'bẹ́ẹ̀ ni, mà.' Kí ló tún kù?"

"Èyí tó o pè yẹn gan-an ni n ò ní sọ."

Ìyá rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Ó ké sí ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, káfíńtà tí gbogbo ẹbí ń bẹ̀rù, wọ́n sì mú ọmọ lọ tọrọ àforíjì. Yẹ̀ẹ́wò kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Aláwo.

"Ẹ má bínú, Màmá, mo dójú tì yín níwájú àlejò. Mi ò gbàgbé oúnjẹ yín, mi ò gbàgbé ẹ̀kọ́ yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè bẹ̀bẹ̀ nítorí òótọ́ tí mo sọ. Bí wọ́n bá bi mí lọ́la, ohun kan náà ni n ó sọ."

Káfíńtà wúkọ́. "Ọmọ yìí, ṣé ẹ̀bẹ̀ lo wá bẹ̀ ni, àbí ogun lo gbé wá?"

Ìyá rẹ̀ já a léèékánná nítan. Yẹ̀ẹ́wò kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ìyá Aláwo dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Báyìí ni ó ṣe ń kàwé lójú ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ títí ìdánwò fi parí. Nígbà mìíràn á sunkún, torí ó fẹ́ràn Ìyá Aláwo, ó sì fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù náà. Síbẹ̀, kò ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ kankan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Aláwo fúnra rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù. Ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó, ó sì kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Mo ti ta abọ́ Ìyá wa."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. "Abọ́ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun? Ẹ̀gbọ́n mi, èwo ni ti títà?"

"Mi ò mọ̀ pé òun ni! Mo gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù kí Ọlọ́wọ́-Idán lè wò ó ṣe àwọn mìíràn tó jọ ọ́, mo to gbogbo wọn pọ̀ sórí pẹpẹ. Mo mú ọ̀kan fún ẹnìkan tó ń kọjá lọ, mo rò pé ayédèrú ni. Ìgbà tí mo yí ìyókù padà ni mo rí i pé ti Ìyá kò sí níbẹ̀ mọ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Èmi tí mo fi abọ́ yẹn mumi. Mi ò mọ èyí tí í ṣe èyí mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi."

Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára Yẹ̀ẹ́wò. "Wá bá mi yà wọ́n."

Ọkàn Yẹ̀ẹ́wò bàjẹ́ nítorí abọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò tíì dìde.

"N ó bá yín yà wọ́n, Màmá. Àmọ́ èyí tó bá jẹ́ tuntun, a ó sọ pé tuntun ni. Ọlọ́wọ́-Idán ò sì gbọdọ̀ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé mọ́."

"Ìwọ ló wá ń pàṣẹ fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Aláwo dìde. "Gbé bàtà rẹ wọ̀. Jẹ́ ká lọ."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń yí àwo padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkìtì ayédèrú ga ju ti ojúlówó lọ. Wọ́n fọ tíì kúrò lára wọn, wọ́n kó wọn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ń tà wọ́n ní pọ́ọ́kú bí àwo tuntun. Àwọn oníbàárà kan bú wọn, àwọn mìíràn kò padà wá mọ́. Ìyá Aláwo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà. Obìnrin náà gbà á lálejò, ṣùgbọ́n kò ra nǹkan kan. Abọ́ ìyá wọn kò sì di rírí títí di òní.

Ẹni tó bá ń da irọ́ pọ̀ mọ́ òótọ́ kí ó lè tan ẹlòmíràn jẹ, ọjọ́ ń bọ̀ tí kò ní dá ohun tirẹ̀ mọ̀ mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ má sì gbàgbé oore. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ fi irọ́ san oore náà, ẹ kọ̀ ọ́. Orúnkún ọmọdé lè kanlẹ̀ fún àgbà. Òótọ́ kì í kúnlẹ̀.