Àtẹ Afẹ́fẹ́ Tó Há Sínú Àfibọ̀

Ọjọ́ tí wọ́n ki àfibọ̀ tuntun, ohun kékeré tí wọ́n kọ ìlànà iṣẹ́ ẹ̀rọ sínú rẹ̀, bọ inú Amẹ́mìíró, ẹ̀rọ tó ń pèsè afẹ́fẹ́ fún gbogbo ará Ìlú Orí-Òṣùpá, ṣe ni ẹ̀rọ náà dúró gbagidi. "N kò rí àtẹ afẹ́fẹ́," ló ń wí ṣáá.

Àtẹ yìí ló ń sọ iye afẹ́fẹ́ tí yàrá kọ̀ọ̀kan nílò fún un. Ìbíyẹmí, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe àfibọ̀ ọ̀hún, mọ̀ dájú pé òun fúnra òun lòun dì í mọ́ ọn nínú.

Bàbá Ọ̀ṣúnlékè, olórí ìlú, já wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ṣé ó wà nínú ẹ̀ àbí kò sí níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Fọ́ ọ, kí o yọ ọ́ jáde!"

"Bí mo bá já èdìdì rẹ̀, Amẹ́mìíró ò ní gbà á mọ́ láéláé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀."

Ìbíyẹmí ti wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tó ń ṣe àfibọ̀ lórí tábìlì rẹ̀, gbogbo nǹkan wà ní ṣíṣí, ọ̀nà tábìlì yẹn ló sì júwe fún àfibọ̀ pé kó gbà dé ìdí àtẹ. Nígbà tó dì í pa tán, ọ̀nà yẹn ò sí mọ́. Inú ara rẹ̀ ló yẹ kí àfibọ̀ ti máa wá a, kì í ṣe ìta. Ìbíyẹmí ò sì dán an wò lẹ́yìn tó dì í.

"Mo lè kọ òmíràn kí n sì dì í," ó ní, "ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó kù ò lè tó ilé àti oko. A ní láti ti oko pa, ká má fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná síbẹ̀ mọ́."

Ìyàwó Bàbá tó ti di olóògbé ló dá oko náà, ibẹ̀ nìkan sì ni iṣu wà ní gbogbo òṣùpá.

"Ṣé òtútù á wọ ibẹ̀?"

"Á wọ ibẹ̀, Bàbá."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló lọ ti ilẹ̀kùn oko.

Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àfibọ̀ mìíràn láti inú ẹ̀dà tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó pa ọ̀nà tábìlì rẹ́, ó pàṣẹ pé kí àfibọ̀ wá àtẹ nínú ara rẹ̀, ó dì í, ó sì kì í bọ ẹ̀rọ.

"Mo ti rí i," ni Amẹ́mìíró wí. Afẹ́fẹ́ fẹ́ wọ inú ilé, àwọn ọmọdé tí àìrí afẹ́fẹ́ ti mú dùbúlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

Nígbà tí wọ́n ṣí oko, ewé iṣu ti dúdú. Bàbá wa iṣu kan, ó rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ̀kọ. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀bi mi ni."

"Dìde. Àwọn ọmọ ń mí." Ó na ọkọ́ kan sí i. "Ọ̀kan lè kù nísàlẹ̀."

Wọ́n jọ wa oko náà títí dé ìdí ògiri. Kò sí ọ̀kan tó kù.