Òótọ́ Ni, Irọ́ Ni, A Kò Lè Sọ

Òjò ló lé Oyèkànmí wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ó ki ìwé kan bọ abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ara rẹ̀ rin gbingbin, ṣùgbọ́n omi kò kan ìwé náà.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ bá mi ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀. Ti ọ̀rẹ́ mi ni, mo gbọ́dọ̀ dá a padà lónìí."

Ìtòsí géètì yunifásítì ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, ní Ìyànà-Ìbà. Ọ̀gá mi tó ń gbé ní Ọ̀jọ́ ló ni ín, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń ṣí i, èmi ni mò ń tì í, láti ọdún mọ́kànlá. Nínú ọdún mọ́kànlá yẹn, mo fi mẹ́jọ ṣe fọ́tókọ́pì ìwé oníwèé láì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo mọ ojú ìwé bí èèyàn ṣe ń mọ ojú aládùúgbò tí wọn kò jọ sọ̀rọ̀ rí.

Wọn kò rán mi nílé ìwé nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìgbà tí ọkọ mi kú, tí kò sí ọmọ, tí yàrá mi ní Ìbà wá dákẹ́ jù fún mi, ni mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ní Okokomaiko. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí kí n tó ka gbólóhùn kan parí. Láti ìgbà náà, kò sí ìwé tó gba abẹ́ ẹ̀rọ mi kọjá tí n kì í yọjú wo.

Mo yọjú wo tirẹ̀ náà. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rọra ń kà á díẹ̀díẹ̀.

"Kí lèyí?" mo bi í. "Lábẹ́ gbogbo ìbéèrè, ohun kan náà ni wọ́n ń kọ. Òótọ́ ni. Irọ́ ni. A kò lè sọ. Ṣé àwọn tó kọ ọ́ fúnra wọn kò mọ ìdáhùn ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ.

Ó ní ìdánwò làákàyè ni, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá fi ń yan òṣìṣẹ́. Wọ́n á fún èèyàn ní àyọkà kúkúrú kan, wọ́n á wá sọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ni wọ́n ń fúnni fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

"Ọdún keje rèé tí mo ti jáde yunifásítì," ó ní. "Ẹ̀rọ invẹ́tà ni mò ń bá ọ̀gá kan tún ṣe ní Àlàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti ṣe ìdánwò yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni mo fìdí rẹmi. Mo nílò ẹni tó máa bá mi ṣọ́ àkókò, mà."

Mo wo òjò. Mo wo ìjókòó kejì tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, èyí tí mo máa ń gbé báàgì mi lé nítorí kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀. Mo gbé báàgì náà kúrò.

"Aago wà lára ògiri," mo ní. "Jókòó."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, tó bá ti dé láti Àlàbá, á jókòó, á ṣí ìwé. Èmi á ka ìbéèrè, á dáhùn. Tí àkókò bá pé, màá ní, "Àkókò ti pé. Gbé bírò sílẹ̀." Á gbé bírò sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé, á máa bínú sí ara rẹ̀.

Maimunat tó ń ta okùn ṣájà àti ìbòrí fóònù níwájú wa ló kọ́kọ́ fura.

"Àǹtí Ṣọpẹ́, kọ́sítọ́mà yín ń bọ̀ o! Ó tún ti gẹrun lónìí. Ṣé wọ́n ń wo irun nínú ìdánwò yẹn ni?"

"Gbájú mọ́ ọjà rẹ, Maimunat."

"Mo gbájú mọ́ ọn. Ẹ̀yin náà ẹ yáa mójú kúrò lójú títì."

Lọ́sẹ̀ kejì ni mo rí ohun tó ń ṣe Oyèkànmí. Mo ka ìbéèrè kan fún un pé gbogbo awakọ̀ iléeṣẹ́ kan ló ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, àti pé Akínṣọlá ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Wọ́n ní, nítorí náà, Akínṣọlá jẹ́ awakọ̀ iléeṣẹ́ náà.

"Òótọ́ ni," Oyèkànmí dáhùn kíá.

"Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Àǹtí. Ó ní ìwé àṣẹ."

"Ẹ̀gbọ́n Maimunat ní ìwé àṣẹ. Ọdún mẹ́ta rèé tó ti jókòó sílé, tó ń ṣọ́ adìyẹ."

Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "A kò lè sọ," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ìṣòro rẹ̀ nìyẹn. Ó mọ̀wé kà jù. Ojú rẹ̀ máa ń sáré kọjá lórí ọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ á sì máa fi tirẹ̀ dí gbogbo ibi tí wọn kò kọ nǹkan sí. Ó fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ìwé rí iṣẹ́, òun náà ṣáà ní ìwé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo pẹ́ kí n tó mọ álífábẹ́ẹ̀tì, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà ni mo ṣe ń kàwé. Ohun tí wọ́n kọ ni mo rí. Ohun tí wọn kò kọ, n kò ní agbára láti rí i.

Láti ọjọ́ náà, mo pa iṣẹ́ ìṣọ́-aago pọ̀ mọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Tó bá ti ṣì í, màá béèrè pé, "Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?" Nígbà tó yá, ó ń bi ara rẹ̀. Òyìnbó tó bá le, òun ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Èyí tó bá ti fẹ́ sáré jù, èmi ni mò ń fà á sẹ́yìn.

N kò mọ ọjọ́ tí ìfẹ́ wọ̀ ọ́. Bóyá ọjọ́ tó mú àgbàdo sísè àti àgbọn wá tó sì fi àgbọn tó rọ̀ sílẹ̀ fún mi, nítorí mo ní eyín ń dùn mí. Bóyá ọjọ́ tí mo rí ibi tí lẹ́ẹ̀dì gbígbóná tí wọ́n fi ń jo wáyà ti jó o lọ́wọ́ tí mo sì fi òróró pa á, tí kò yọ ọwọ́ kúrò nígbà tí mo pa á tán.

"Ṣọpẹ́ mi," ó ní.

Láti ọjọ́ yẹn, kò pè mí ní Àǹtí mọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jù ú lọ.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ó ní. "O jẹ́ kí n dà bí ẹni tó lórí."

"Orí wà lọ́rùn rẹ tẹ́lẹ̀. Eré ló ń sá jù."

Mo fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo ra ife kejì lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta abọ́ àti ife ní ẹnu ọ̀nà wa. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ife kan ṣoṣo ni mo ní.

Ìdánwò náà bọ́ sí oṣù kọkànlá. Oyèkànmí yege. Ó sáré wá láti Òpópónà Badagry, ó gbé mi sókè níwájú gbogbo èèyàn, Maimunat ń patẹ́wọ́. Kàdúná ni iléeṣẹ́ náà máa gbé e lọ.

Ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ wá bá mi. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó ń bọ̀ láti ìsìn, aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi bàtà sínú ọ̀rá. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ dìde, ẹ dìde," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ mi níwèé?"

Ó lè bí mi lọ́mọ, síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀ sí mi bí ẹni ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn.

"A jọ kà á ni, Màámi."

"Mo dúpẹ́. Ọmọ yìí ti sọ̀rètí nù kó tó pàdé yín. Ní orí àdúrà, mo máa ń dárúkọ yín." Ó gbá ojú ìjókòó kejì mọ́, ó sì jókòó. "Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kì í ṣe ìgbéyàwó. Òun nìkan ni mo bí. Ẹ ti wọlé ọkọ rí, Ọlọ́run kò sì fún yín lọ́mọ. Mo fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ. Ṣé mo ṣẹ̀ yín?"

"Ẹ kò ṣẹ̀ mí, mà."

Kò ṣẹ̀ mí lóòótọ́. Ohun tó dùn mí nìyẹn.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Oyèkànmí, ó di ọwọ́ mi mú. "Má dá Màámi lóhùn. Wo ojú mi. Mi ò ní gbàgbé rẹ, Ṣọpẹ́. Láéláé."

Mo sunkún ayọ̀. Nígbà tó lọ tán, mo sọ fún Maimunat pé a máa ṣègbéyàwó.

"Alhamdulillah! Ó ti sọ ọ́?"

"Ó ti sọ ọ́."

"Kí ló sọ gan-an?"

"Ó ní òun kò ní gbàgbé mi láéláé."

Maimunat wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìbòrí fóònù tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Oyèkànmí lọ ní oṣù kìíní. Lóṣù àkọ́kọ́, ó ń pè mí lójoojúmọ́. Lóṣù kejì, ó di ọjọ́ Àìkú nìkan. Ó ní iṣẹ́ pọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Lóṣù karùn-ún, èmi ni mò ń pè é. Kò bú mi rí. Kò purọ́ fún mi rí. Á ní, "Ṣọpẹ́ mi, ṣé dáadáa lo wà?" Màá ní dáadáa ni.

Tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, màá fọ ife méjèèjì. Ọ̀kan ṣoṣo ni mò ń lò.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù keje, kọ́sítọ́mà kan mú ìwé ìdánwò wá, irú ti Oyèkànmí gan-an. Bí mo ṣe gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, ojú mi bọ́ sórí ìbéèrè ti Akínṣọlá àti ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Mo jókòó. Èmi tí mò ń bi ọmọ ọlọ́mọ pé níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí, n kò bi ara mi rí.

Nígbà tí kọ́sítọ́mà náà lọ, mo mú bébà kan tó bàjẹ́, mo yí i padà, mo kọ̀wé sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó kọ ọ́ tán. Mo wá pe Oyèkànmí.

"Ṣé bírò wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Bírò kẹ̀? Ọ̀fíìsì ni mo wà, Ṣọpẹ́."

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa. Olùkọ́ mi, kà á."

Mo gbójú sókè wo aago. Mo kà á bí mo ṣe máa ń kà á. "'Oyèkànmí sọ fún Moṣọpẹ́ pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oyèkànmí ṣèlérí pé òun kò ní gbàgbé rẹ̀. Oyèkànmí ríṣẹ́, ó lọ sí Kàdúná.' Ìbéèrè rèé: 'Oyèkànmí máa fẹ́ Moṣọpẹ́.' Òótọ́ ni, irọ́ ni, tàbí a kò lè sọ?"

Ẹ̀rín rẹ̀ dáwọ́ dúró.

Aago ń lọ.

"Màámi..." ó bẹ̀rẹ̀.

"Màámi kò sí nínú àyọkà yìí."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ṣọpẹ́. Kò tíì kúrò níbẹ̀."

"Ìyẹn ni gbólóhùn kìíní. Mo ti kà á fún ọ."

Mo gbàdúrà nínú mi pé kó ṣì í. Kó ṣe bíi ti àtijọ́, kó sáré kọjá lórí ọ̀rọ̀, kó mú ohun tí kò sí níbẹ̀ láti inú ọkàn rẹ̀, kó fi dí àlàfo náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí, n kò ní béèrè ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

"A kò lè sọ," ó ní.

"O gbà á."

Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Mo jẹ́ kí ó lọ tán, nítorí n kò fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pe "Ẹnjiníà! Ẹnjiníà!" Inú mi dùn pé òun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kò dá wọn lóhùn, kò sì sọ nǹkan kan fún mi.

"Àkókò ti pé, Oyèkànmí," mo ní. "Gbé bírò sílẹ̀."

Mo pa fóònù. Mo gbé báàgì mi, mo gbé e padà sórí ìjókòó kejì.