Kọ̀ǹpútà Tí Kò Mọ "Rárá"

"Jókòó, ó ń bọ̀."

Bí Yínúsà ṣe ń dá gbogbo oníbàárà lóhùn nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Dar-es-Salam, nílẹ̀ àjèjì tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Bí ọjà kò bá sí nílẹ̀, wọ́n á sáré gbé e wá láti ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò. "Anago kì í sọ pé kò sí," ni ó máa ń wí; Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Sèlíátù ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ títí ó fi mọ́ ọn lára. Òun ló ń jókòó ti ògbólógbòó kọ̀ǹpútà tó wà ní igun ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́yìn ilé ìwé.

Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, Fadila ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń làágùn. Fọ́ọ̀mù búrúsì, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ni wọ́n ń kọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí Fadila kò bá rí búrúsì yẹn gbà, bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́: oko iṣu àǹtí rẹ̀ ní abúlé Languibonou ló kàn.

"Sèlíá, tètè. Aago márùn-ún ni wọ́n máa tì í."

"Fọkàn balẹ̀. Ó ń bọ̀."

Hamed, oníbàárà kan, yọjú wọlé. "Ọmọ Anago! Fíìmù mi ńkọ́?"

"Jókòó, ó ń bọ̀." Ó ṣí fíìmù náà. Ange, oníbàárà mìíràn, dé, ó fẹ́ kí ó tún fọ́tò ogójì ṣe. "Jókòó, ó ń bọ̀." Ó ṣí ìyẹn náà.

Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó ń gun òkè. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú rẹ̀: àyè ń tán lọ, pa nǹkan kan.

"Pa fíìmù!" ni Fadila wí.

Hamed bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wò ó o! Ọmọ Yínúsà ń lé oníbàárà!"

Ojú ti Sèlíátù. Ó ti ìkìlọ̀ náà dànù. "Gbogbo yín lẹ máa rí tiyín gbà."

Irọ́ ni. Kọ̀ǹpútà náà sì ń pa irú irọ́ kan náà. Ètò tó ń darí rẹ̀ ti ṣèlérí àyè fún gbogbo iṣẹ́ tó béèrè, ó gbà pé wọn kò ní dé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dé pọ̀. Kò sì sí ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò tí yóò sáré lọ. Ó wá èyí tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù lọ, ó pa á. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Fọ́ọ̀mù Fadila, pẹ̀lú gbogbo ìwé ẹ̀rí tí wọ́n yà sínú rẹ̀, ló sanra jù. Ó pòórá. Fíìmù Hamed ń ṣeré lọ.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé kejì ni wọ́n wà tí aago márùn-ún fi lù, tí fọ́ọ̀mù náà sì tì.

Fadila kò sunkún. "Ká ní o ti sọ fún mi ní aago mẹ́ta pé kò sí àyè," ni ó wí, "ǹ bá ti gba ibòmíràn lọ."

Nígbà tí Sèlíátù ròyìn fún bàbá rẹ̀, ohun tí ó bi í ni pé, "Ṣé oníbàárà kankan bínú lọ?"

Ní ọjọ́ Ajé, àyè Fadila ṣófo ní kíláàsì. Ó ti wà ní Languibonou.

Àìlèsọ̀rọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ orí burúkú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹ̀rọ, ẹ kọ́ ọ kí ó máa kọ̀ ní kùtùkùtù, kí ó sì máa bi ẹni tó ni ín léèrè ohun tí kò gbọdọ̀ kú. Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ìwọ náà, kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Ẹni tó ṣèlérí ohun tí kò ní fún gbogbo ayé ti ní ẹni tí yóò pa láàrín wọn. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò tíì mọ̀.