Àbá Òfin Àbàtà àti Ọmọ Oníyanrìn

Ọkùnrin náà ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó dúró sínú àbàtà etí ọ̀sà ní Ìwáyà, bàtà ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ sì ti ta dé irùngbọ̀n rẹ̀. Bó ṣe ń wo àwọn lékeléke orí igi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni tó wá kí àgbà, ló pa Motọ́lání lẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Bàtà kejì ńkọ́?"

"Àbàtà ti fi gba owó orí," ni ọkùnrin náà fèsì. "Ó ní n kò lè wá wo òun lọ́fẹ̀ẹ́."

Tíṣà ni Motọ́lání nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Yábàá. Ó wá wo ibi tí yóò mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá ni. Oyèníran lorúkọ ọkùnrin náà. Ọnọrébù kan ló ń bá ṣiṣẹ́ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, òun ni wọ́n sì ní kó kọ àbá òfin tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi yanrìn dí àbàtà tó kù. Ó ní òun kò lè jókòó sí ọ́fíìsì máa kọ òfin nípa ibi tí ẹsẹ̀ òun kò dé. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Motọ́lání lára.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń rìn. Motọ́lání a máa ṣàlàyé fún àwọn ará àdúgbò ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pé, "Àbàtà ló ń gba omi òjò dúró. Tí wọ́n bá dí i, inú pálọ̀ yín lomi máa wá sùn." Oyèníran a gbé báàgì rẹ̀ tẹ̀lé e.

"Tíṣà mi, ṣé n lè máa gbé báàgì yìí títí ayé?"

"Báàgì nìkan?"

"Báàgì àti ẹni tó ni ín."

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Motọ́lání kò tíì sọ. Yanrìn ni bàbá rẹ̀, Alágbà Bọ́lárìnwá, ń fi tíípà kó dí àbàtà. Owó yanrìn náà ló fi kọ́lé wọn ní Sùúrùlérè. Lọ́jọ́ tí ilé ìgbìmọ̀ pe ará ìlú láti wá sọ tẹnu wọn, Motọ́lání dìde láti sọ̀rọ̀, ó sì rí bàbá rẹ̀ láàárín àwọn oníyanrìn. Síbẹ̀, ó sọ ọ́ délẹ̀.

Bàbá kò pariwo nílé. "Yanrìn tó rán ẹ lọ sí yunifásítì lo wá ń bá jà?" "Sọ fún ọ̀rẹ́kùnrin rẹ kó yọ Ìwáyà kúrò nínú òfin yẹn. Tó bá yọ ọ́, kó mú ẹbí rẹ̀ wá."

Ní ibùdókọ̀ rélùwéè Yábàá ni Motọ́lání ti jíṣẹ́ náà fún Oyèníran. Ó ń fẹ́ kó kọ̀. Ó tún ń fẹ́ kó gbà, ìyẹn sì ń tì í lójú.

"Kí nìwọ fẹ́?" Oyèníran bi í.

"Ìwọ ni mo fẹ́." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo sì fẹ́ kí àbàtà náà wà."

"Olólùfẹ́ mi, n ò ní rán ẹ padà. Èmi fúnra mi ni màá lọ dá Bàbá lóhùn."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Alágbà. "Ẹ má bínú, sà. N kò lè yọ ọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yín gan-an, ṣùgbọ́n tí mo bá ta àbàtà torí rẹ̀, ẹ ò ní mọ ohun tí màá ta òun náà torí rẹ̀ lọ́la."

Bàbá wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà títí.

"Dìde," ó wí. "Àwọn tó ń sọ 'bẹ́ẹ̀ ni, sà' fún mi ti pọ̀ jù. Òfin yẹn, màá ta kò yín lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mú ẹbí rẹ wá."

Ó ta kò ó lóòótọ́. Àwọn oníyanrìn gba àyè láti parí ibòmíràn tí wọ́n ti ń dí, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan Ìwáyà.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Alágbà mú Motọ́lání dé iwájú pẹpẹ, kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀ o," ó rọra sọ.

"Ṣebí mò ń fi ẹ́ sílẹ̀ náà nìyẹn," ni bàbá wí, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

Oyèníran kò kánjú. Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ọwọ́ àwọn méjèèjì, ó sì dúró títí Bàbá fi ṣetán.